Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ojú wa, nínú oko wa àti lára ọmọ tuntun

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti fojú rí.

Ohun kìíní: Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú ni. Àwọn ọmọdé ń sáré kiri nínú àgbàlá, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè é, ó dìde, ó kọsẹ̀ lára odó, ó sì ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń ríran dáadáa lọ́sàn-án.

Ohun kejì: Ẹ ro oko yín, ó mọ́ tónítóní. Òjò kan rọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, koríko tuntun ti bo ilẹ̀. Ta ni ó gbìn ín?

Ohun kẹta: Ìyá kan bímọ. Ní ọjọ́ kẹta, ó rí i pé funfun ojú ọmọ náà ti pọ́n bí ìyeyè. Wọ́n gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀, wọ́n fi nǹkan bo ojú rẹ̀, wọ́n sì tẹ́ ẹ sí abẹ́ iná aláwọ̀ búlúù. Ìyá ń retí oògùn, kò rí oògùn. Iná nìkan ni wọ́n tàn lé ọmọ lórí. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sípò.

Kí ni ó so ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí pọ̀? Ìmọ́lẹ̀ ni. Iṣẹ́ kan wà tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe tí a kì í fojú rí: ó ń yí ìrísí ohun kékeré kan padà. Bí a bá mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ, a ó mọ oúnjẹ tí ó yẹ kí a fún ọmọ, a ó mọ bí a ṣe lè dín koríko oko kù, a ó sì mọ ìgbà tí a gbọ́dọ̀ sáré gbé ọmọ tuntun lọ sí ilé ìwòsàn.

Ohun kékeré tí ó ní ìgúnpá

Omi, epo, ewé, ẹ̀jẹ̀, gbogbo wọn ni a fi ohun tín-ín-tìn-ín kọ́. Àwọn onímọ̀ ń pe ohun kékeré yìí ní mólékùlù. Mólékùlù kéré tó bẹ́ẹ̀ tí iye tí ó wà nínú ẹ̀kán omi kan ṣoṣo fi pọ̀ ju gbogbo iyanrìn etí òkun Kútọnu lọ.

Mólékùlù kọ̀ọ̀kan ní ìrísí tirẹ̀. Ìrísí náà ṣe pàtàkì, gẹ́gẹ́ bí ìrísí kọ́kọ́rọ́ ti ṣe pàtàkì. Kọ́kọ́rọ́ tí ó bá ti wọ́ kò lè ṣí ilẹ̀kùn tí a ṣe é fún mọ́.

Ẹ na apá yín ọ̀tún. Ó dára. Ẹ wá ká a ní ìgúnpá. Apá kan náà ni: ẹran rẹ̀ kò dín, egungun rẹ̀ kò lé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí apá kíká lè ṣe yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí apá nínà lè ṣe. Apá kíká ni a fi ń gbé ọmọ mọ́ àyà. Apá nínà ni a fi ń já máńgòrò lórí igi.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn mólékùlù kan rí. Wọ́n ní ibì kan lára tí ó dà bí ìgúnpá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà wọ́n, èyí tí ó ká yóò nà, tàbí kí èyí tí ó nà ká. Bí ìrísí wọn bá ti yí padà, iṣẹ́ wọn náà yí padà.

Ẹ tún lè fi wọ́n wé ohun tí a ń tẹ̀ lára ògiri kí iná lè tàn tàbí kí ó kú. Ìka ọwọ́ ni ó ń tẹ ti ara ògiri. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń tẹ àwọn wọ̀nyí.

Ẹ rántí ohun kan sí i. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn dà bí funfun lójú wa, ṣùgbọ́n òṣùmàrè fi hàn wá pé àwọ̀ púpọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọ̀ mìíràn tún wà nínú rẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí rárá. Mólékùlù kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ó ń dáhùn sí. Ọ̀kan ń dáhùn sí búlúù, òmíràn ń dáhùn sí pupa. A ó rí ìwúlò èyí láìpẹ́.

Nínú ojú wa

Àwọn àgbà ní ojú lọba ara. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ń gbé inú ọba yìí.

Ní ẹ̀yìn ẹyinjú, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí ń gba ìmọ́lẹ̀. Inú awọ yìí ni mólékùlù kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ rẹ́tínálì. Nínú òkùnkùn, rẹ́tínálì ká bí apá tí a ká. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà á, ó nà. Nínà tí ó nà yìí ni ó ń ti ohun tí ó dì í mú, ìyẹn náà sì ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ìmọ́lẹ̀ dé. Kí ẹ tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó ti ṣẹlẹ̀ ní àìmọye ìgbà. Bí ẹ ti ń ka ìwé yìí, òun ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ojú yín.

Rẹ́tínálì tí ó ti nà kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ àfi kí ara tún un ká. Ara ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ń ṣòfò. Òmíràn gbọ́dọ̀ rọ́pò rẹ̀. Níbo ni yóò ti wá? Láti inú fítámínì A ni. Ọ̀gbẹ́ni George Wald, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó rí fítámínì A nínú awọ ẹ̀yìn ojú ní ọdún 1933. Ní ọdún 1967, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ojú.

Ara ènìyàn kò lè dá fítámínì A ṣe láìsí oúnjẹ. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́, bí àgbẹ̀ ti ń tọ́jú àgbàdo sínú àká. Bí ọmọ kò bá rí i jẹ fún ìgbà pípẹ́, àká náà á ṣófo. Lọ́sàn-án, ìmọ́lẹ̀ pọ̀, ọmọ á ṣì máa ríran. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, ìmọ́lẹ̀ kò tó nǹkan, ojú sì nílò rẹ́tínálì púpọ̀ kí ó tó lè rí ìwọ̀nba tí ó kù. Ìdí nìyí tí ọmọ fi ń kọsẹ̀ bí adìẹ tí ilẹ̀ ṣú bá lójú ọ̀nà. Kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ.

Àìríran lálẹ́ ni àmì àkọ́kọ́. Bí a bá fi í sílẹ̀, ojú á gbẹ, kò ní í dán mọ́. Lẹ́yìn náà, egbò lè yọ lójú, ojú á sì fọ́ pátápátá. Ìfọ́jú yìí kò ní àtúnṣe. Ọmọ tí kò ní fítámínì A tó kò sì lágbára láti bá àrùn jà. Bí èéyí tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá mú un, ó lè pa á.

Kí ni kí a ṣe?

1. Ẹ fún ọmọ ní ọmú ní kété tí ẹ bá ti bí i. Ẹ má ṣe fún omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tí ó pọ́n, dànù. Fítámínì A pọ̀ nínú rẹ̀.

2. Nígbà tí ọmọ bá pé oṣù mẹ́fà, ẹ máa fi ẹ̀fọ́ tútù sí oúnjẹ rẹ̀: tẹ̀tẹ̀, gbọ̀rọ̀, ewédú, ewé mọ̀ríńgà. Ẹ fún un ní máńgòrò pípọ́n, ìbẹ́pẹ pípọ́n, àti ọ̀dùnkún tí inú rẹ̀ pọ́n. Bí ẹ bá rí ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀dọ̀ ẹran, ẹ fún un níbẹ̀.

3. Ẹ fi epo díẹ̀ sí ẹ̀fọ́. Inú epo ni fítámínì A ń yòrò sí, kì í yòrò sínú omi. Epo pupa fúnra rẹ̀ dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe yọ́ ọ lórí iná títí yóò fi funfun. Àwọ̀ pupa tí ó lọ yẹn gan-an ni ohun tí ara ń sọ di fítámínì A.

4. Bí ẹ bá ń sá ewé gbígbẹ pamọ́ de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, abẹ́ òjìji ni kí ẹ sá a sí. Oòrùn gangan ń ba ohun rere inú rẹ̀ jẹ́.

5. Láti oṣù mẹ́fà títí di ọdún márùn-ún, ọmọ gbọ́dọ̀ gba fítámínì A lẹ́nu ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Èyí tí ó jẹ́ búlúù wà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Èyí tí ó pupa wà fún ọmọ ọdún kan sókè. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ dá a lò fúnra rẹ̀, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ lè ṣe oyún inú ní ibi.

Bí ọmọ kò bá ríran lálẹ́, ẹ má ṣe dúró. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí a bá tètè fún un ní fítámínì A, ojú rẹ̀ á tún ríran nínú òkùnkùn.

Nínú oko wa

Ewéko kò ní ojú, ṣùgbọ́n ó mọ ìmọ́lẹ̀. Nínú irúgbìn koríko kéékèèké, mólékùlù kan wà tí a ń pè ní fitokírómù. Òun náà ní ìgúnpá. Ìmọ́lẹ̀ pupa inú oòrùn máa ń jí i. Nígbà tí ó bá jí, ó sọ fún irúgbìn pé: «Ilẹ̀ ṣí sílẹ̀, hù!»

Àwọ̀ pupa mìíràn tún wà tí ojú wa kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Òun ni ó máa ń pọ̀ lábẹ́ ewé, nítorí pé ewé ti gba pupa àkọ́kọ́ lò tán. Pupa kejì yìí ń mú fitokírómù padà sùn. Irúgbìn á mọ̀ pé ewéko mìíràn wà lórí òun, pé kò sí àyè. Á dúró.

Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ kan ní Beltsville ní Amẹ́ríkà fi irúgbìn sàláàdì dán an wò. Wọ́n tan iná pupa sí i, ó hù. Wọ́n tan pupa àkọ́kọ́, wọ́n sì tan pupa kejì tẹ̀ lé e, kò hù mọ́. Wọ́n tún pupa àkọ́kọ́ tàn, ó hù. Iye ìgbà yòówù kí wọ́n pààrọ̀ wọn, ìmọ́lẹ̀ tí ó kẹ́yìn ni irúgbìn ń gbọ́ràn sí.

Ẹ wá wo oko yín. Irúgbìn koríko ti wà nínú ilẹ̀, ó ń sùn nínú òkùnkùn. Ọkọ́ yín yí ilẹ̀ padà, irúgbìn sì rí ìmọ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó fún púpọ̀ nínú wọn. Bí òjò bá ti rọ̀, wọ́n á hù. Ẹ̀yin tí ẹ ń pa koríko ni ẹ tún ń jí èyí tí ó kù.

Kí ni kí a ṣe?

1. Ẹ má ṣe sun pòròpórò àgbàdo àti koríko gbígbẹ. Ẹ fi wọ́n bo ilẹ̀ láàrin ọ̀wọ́ ohun ọ̀gbìn. Irúgbìn tí kò rí ìmọ́lẹ̀ á máa sùn lọ. Omi á sì pẹ́ nínú ilẹ̀.

2. Ẹ gbin ohun tí ń rá bo ilẹ̀ sáàrin àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́, bí ẹ̀wà tí ń rá, ẹ̀gúsí tàbí ẹlẹ́gẹ̀dẹ̀. Ewé wọn á ṣíji bo ilẹ̀.

3. Láti òpin àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ kan ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀ ti ń gbin múkúnà, ìbátan wèrèpè tí kì í yún ni lára. Ewé rẹ̀ ń bo ilẹ̀ bí aṣọ. Ó ń fún koríko pa, títí kan ẹ̀kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, ó sì ń sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe se èso rẹ̀ jẹ bí ẹ̀wà. Oró wà nínú rẹ̀.

4. Níbi tí kò bá pọn dandan, ẹ má ṣe wa ilẹ̀ jinlẹ̀. Ẹ ro koríko lórí ilẹ̀ nígbà tí ó ṣì kéré, kí ó tó so.

Kì í ṣe gbogbo irúgbìn ni ó ń wá ìmọ́lẹ̀. Àgbàdo àti ẹ̀wà ń hù nínú òkùnkùn ilẹ̀. Ẹ máa gbìn wọ́n bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Lára ọmọ tuntun

Mólékùlù kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí ó jẹ́ ìbátan èyí tí ó wà nínú irúgbìn. Bilirúbínì ni orúkọ rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ pupa bá gbó, tí ara sì tú u palẹ̀, òun ni ó ń kù. Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà ń tún un ṣe kí ó lè bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Nítorí náà, ọmọ púpọ̀ ni ara wọn ń pọ́n díẹ̀ ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, tí ó sì ń lọ fúnra rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.

Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, ewu ńlá ni. Bilirúbínì lè wọ inú ọpọlọ. Ọmọ tí ó bá wọ̀ nínú ọpọlọ lè kú. Bí kò bá kú, ó lè ya odi, tàbí kí ó má lè gbé ọrùn dúró, kí ó má lè jókòó, kí ó má lè rìn títí ayé.

Èé ṣe tí bilirúbínì kò fi lè bá omi ara jáde? Ó di ara rẹ̀ bí ẹ̀ṣẹ́. Gbogbo ibi tí ó lè fi bá omi dọ́rẹ̀ẹ́ ni ó ká sínú. Ọ̀rá ni ó fẹ́ràn, ọ̀rá sì pọ̀ nínú ọpọlọ. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ni ó lè tú ẹ̀ṣẹ́ yìí. Bí ó bá ti bà á láti ara awọ ọmọ, ẹ̀ṣẹ́ náà á ṣí. Nígbà náà, bilirúbínì á lè bá omi lọ, á sì bá ìgbẹ́ àti ìtọ̀ jáde láìdúró de ẹ̀dọ̀ tí kò tíì gbó.

Obìnrin kan tí ojú rẹ̀ mọ iṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí èyí. Orúkọ rẹ̀ ni Jean Ward. Ó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ibi ìtọ́jú ọmọ tí a bí láìtọ́jọ́, ní ilé ìwòsàn Rochford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí oòrùn bá ràn, ó máa ń gbé àwọn ọmọ jáde sí àgbàlá. Ní ọjọ́ kan ní ọdún 1956, ó fi ọmọ kan han àwọn dókítà. Ara ọmọ náà ti mọ́, àfi ibi tí etí aṣọ bò. Ibẹ̀ nìkan ni ó ṣì pọ́n. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbàgbé ìgò ẹ̀jẹ̀ ọmọ mìíràn sí ojú fèrèsé, nínú oòrùn. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, bilirúbínì inú rẹ̀ ti dínkù gan-an. Dókítà Cremer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣe iná tí ó lè ṣe iṣẹ́ oòrùn. Ní ọdún 1958, wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde fún gbogbo ayé. Láti ìgbà náà, iná yìí ti gba ọmọ púpọ̀ là ní gbogbo ilẹ̀ ayé.

Ẹ lè bi wá pé: «Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé kí a tẹ́ ọmọ wa sí oòrùn nílé?» Rárá o. Oòrùn ilẹ̀ wa gbóná. Ó lè jó awọ ọmọ, ó lè gbẹ omi ara rẹ̀, ó sì lè mú ibà bá a. Èyí tí ó burú jù ni pé, nígbà tí ẹ bá ń sá ọmọ sí oòrùn, ẹ lè rò pé ìtọ́jú ń lọ, kí bilirúbínì sì máa wọ inú ọpọlọ. Òótọ́ ni pé àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn kan ní Èkó ti lo oòrùn, tí a sì tẹ ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 2015. Ṣùgbọ́n abẹ́ àgọ́ ni wọ́n tẹ́ àwọn ọmọ náà sí. Rọ́bà pàtàkì tí wọ́n fi bo àgọ́ yìí ń gba ìmọ́lẹ̀ búlúù wọlé, ó sì ń dá ìmọ́lẹ̀ tí ń jó ara àti ọ̀pọ̀ nínú ooru dúró. Àwọn nọ́ọ̀sì ń ṣọ́ wọn, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe iṣẹ́ àgbàlá.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ ọ́n lára ọmọ dúdú? Ẹ gbé ọmọ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà. Ẹ wo funfun ojú rẹ̀. Ẹ wo erìgì rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kìíní. Iyàrá òkùnkùn tí a ń fi ìyá àti ọmọ pamọ́ sí kì í jẹ́ kí a tètè rí i.

Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, ìbáà ṣe òru:

– bí ara rẹ̀ bá pọ́n ní ọjọ́ tí a bí i gan-an;
– bí àtẹ́lẹwọ́ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá pọ́n;
– bí kò bá mu ọmú dáadáa, tàbí tí ó ń sùn ju bí ó ti yẹ lọ;
– bí ara rẹ̀ bá gbóná;
– bí ó bá ń ké kíkankíkan pẹ̀lú ohùn tínrín, tàbí tí ó ń tẹ ẹ̀yìn bí ọrun;
– bí pípọ́n náà bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ má ṣe fún un ní àgbo. Ẹ má ṣe fún un ní omi ṣúgà. Ọmú ni kí ẹ máa fún un léraléra, nítorí ọmú ń jẹ́ kí ó yàgbẹ́, ìgbẹ́ sì ni bilirúbínì ń bá jáde.

Ohun kan tún wà. Ní ilẹ̀ wa, àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń tètè fọ́, àtìrandíran ni. Àwọn hóró funfun olóòórùn tí a ń jù sínú àpótí aṣọ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, tí àwọn kan ń pè ní káńfọ̀, lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Bilirúbínì á wá pọ̀ lójijì. Ẹ má ṣe fi hóró yìí sí aṣọ tí ẹ ń pamọ́ de ọmọ. Bí aṣọ náà bá ti ń run òórùn rẹ̀, ẹ má ṣe fi wọ ọmọ.

Igi gangaran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Lọ́wọ́ àwọn onímọ̀

Àwọn onímọ̀ ti rí ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe nínú ojú àti nínú ewéko. Wọ́n wá bi ara wọn pé: ṣé àwa náà kò lè fi ọwọ́ wa ṣe irú mólékùlù bẹ́ẹ̀?

Wọ́n lè ṣe é. Ọ̀kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ asobẹnsíìnì. Ó jẹ́ ìbátan àwọn aró tí wọ́n fi ń pa aṣọ láró ní ilé iṣẹ́. Ní ọdún 1937, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Hartley fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ ń ká a ní ìgúnpá. Bí a bá fi í sílẹ̀ nínú òkùnkùn, ó tún ń padà nà. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ ní Jàpáàn fi irú mólékùlù yìí ṣe rọ́bà pẹlẹbẹ kan. Bí wọ́n bá tan ìmọ́lẹ̀ kan sí i, ó tẹ̀. Bí wọ́n bá tan òmíràn, ó padà tẹ́ gbalaja. Ọwọ́ kò kàn án.

Ní ilẹ̀ Hólàǹdì, ọ̀jọ̀gbọ́n Ben Feringa ṣe mólékùlù tí kì í ká kí ó sì nà nìkan. Ó ń yí po bí òkòtó, níwọ̀n ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń bà á. Ọdún 1999 ni ó fi í hàn. Ní ọdún 2006, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú kí irú àwọn òkòtó bẹ́ẹ̀ yí igi gíláàsì tín-ín-rín kan tí ó tóbi ju òkòtó kọ̀ọ̀kan lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ní ọdún 2016, Feringa, Sauvage ará Faransé àti Stoddart ará Sìkọ́tílándì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí àwọn ẹ̀rọ kékeré irú èyí.

Díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí ti dé ọjà. Ẹ ti lè rí awò ojú kan tí ó ń dúdú nínú oòrùn, tí ó sì ń mọ́ nínú ilé. Nínú ọ̀pọ̀ awò bẹ́ẹ̀ lónìí, mólékùlù tí ó wà nínú rẹ̀ ń ṣí nígbà tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ojú kò rí bá bà á, nígbà náà ni ó ń ní àwọ̀. Nínú òjìji, ó ń padà pa dé. Awò yìí ń dín ìmọ́lẹ̀ tí ń wọ ojú kù, ṣùgbọ́n kò lè wo àrùn ojú, kò sì lè rọ́pò ẹ̀fọ́.

Àwọn mìíràn ń wá oògùn tí yóò máa sùn nínú ara títí a ó fi tan ìmọ́lẹ̀ sí ibi tí àrùn wà. Oògùn náà á ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nìkan, kò ní í da ibòmíràn láàmú. Ọ̀pọ̀ nínú èyí ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe ìwádìí. Bí ẹnikẹ́ni bá wá tà á fún yín lọ́jà, ẹ má ṣe rà á.

Ohun tí ó yẹ kí a rántí

Kò di ìgbà tí a bá ní ẹ̀rọ ńlá kí ìmọ̀ yìí tó wúlò fún wa. Ẹ̀fọ́ àti epo pupa inú ìkòkò wa ń pèsè ohun tí ojú fi ń ríran. Pòròpórò tí a kò sun ń mú irúgbìn koríko sùn. Ìyá tí ó gbé ọmọ rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, tí ó wo ojú rẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, lè gba ọpọlọ ọmọ náà là. Ṣùgbọ́n kí ó wò ó lónìí, kí ó má dọ̀la. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ẹgbẹ́

1. Nínú ilé yín, ǹjẹ́ ọmọ kan wà tí kì í fẹ́ rìn nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú? Kí ni ó ń jẹ lójoojúmọ́?
2. Ewé wo ni ẹ máa ń sá pamọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn? Níbo ni ẹ máa ń sá a sí?
3. Kí ni ẹ ń fi pòròpórò àgbàdo ṣe lẹ́yìn ìkórè?
4. Bí ọmọ tuntun bá pọ́n lójú ní abúlé yín lóru, ta ni ó ní kẹ̀kẹ́ tàbí alùpùpù tí ó lè gbé e? Ẹ jọ fẹnu kò lé e lórí lónìí, kí ọjọ́ náà tó dé.